Ẹ Bi Wá: Nígbà Tí Ọ̀dọ́ Tó Ní SS Bá Fẹ́ Dáwó fún Ìwádìí

Bí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọjọ́ àrùn fòníkúfọ̀ládìde lágbàáyé, bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ tó ní SS máa ń ya wọlé sí wa. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà ni wọ́n máa ń béèrè. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹ́ kó owó jọ fúnra wọn, kì í sì í ṣe owó ìtọ́jú, owó ìwádìí ni. A mú méje nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ wà ní fásitì kan, SS ni gbogbo wa. A fẹ́ kó mílíọ̀nù méjì náírà jọ láàárín ọdún kan fún ìwádìí oògùn tí yóò wo àrùn wa sàn pátápátá. Ta ni ká gbé e fún? Ṣé owó yẹn tilẹ̀ tó nǹkan? (Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, Ìlọrin)

Ẹ kú ìpinnu rere. Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀. Mílíọ̀nù méjì náírà kò lè bí oògùn. Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún àbùdá ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun, gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó sì gba ti Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún aláìsàn kan ṣoṣo, a ò tíì sọ owó ìwádìí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "ìwòsàn pátápátá" sára pátákó yín, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yóò rò pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì bi yín ní àmọ́dún pé oògùn náà dà. Ẹ pa á rẹ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí owó kékeré mọ̀ ọ́n ṣe ju owó ńlá lọ. Àjọ NIH ti ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé owó kalẹ̀ fún ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kánò àti Kàdúná, níbi tí wọ́n ti fi hydroxyurea, oògùn kan tí àwọn SS ń lò, ìwọ̀n míligíráàmù 10 wé 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó dáàbò bo ọmọdé jù lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo lóhùn. Wọ́n á bi dókítà pé: aláìsàn mélòó ló ń wá sí kílíníìkì rẹ? Mélòó ló ń padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Mélòó ló ń lo oògùn wọn déédéé? Dókítà tí kò ní ìdáhùn kò ní rówó gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó kó lè lọ wá ìdáhùn náà. Àlàfo yìí ni kí ẹ lọ dí.

Ohun tí a ní lọ́kàn kì í dán lójú. Owó oṣù díẹ̀ fún ẹni tí yóò máa kó àkọsílẹ̀ aláìsàn láti inú fáìlì sórí kọ̀ǹpútà. Owó ọkọ̀ fún òbí tó ń gbé ọmọ rẹ̀ wá láti abúlé. Owó káàdì fóònù. Ẹ wo àyẹ̀wò ọmọ tuntun bí àpẹẹrẹ. Iye tí wọ́n máa ń dá lé àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún jẹ́ nǹkan bí 150,000, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì mọ̀ títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á fi wú. Láti mọ̀ kó tó di bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì á gún gìgísẹ̀ ọmọ, á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sínú àwọn òbìrípo tí wọ́n yà sára páálí àyẹ̀wò, á tẹ́ páálí náà sílẹ̀ gbalaja fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta níbi tí oòrùn kò ti ní kàn án, kó tó fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń fa ọ̀rinrin. Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Wọ́n á kó páálí tútù lé ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan á ta sí ti èkejì. Wọ́n á sá a sóòrùn kó lè tètè gbẹ. Tàbí kí èsì jáde, kí nọ́ńbà tí ìyá ọmọ fi sílẹ̀ má lọ mọ́, ọmọ náà á sì ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́ta fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ti ìyá, ti bàbá àti ti ará ilé kan, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti máa pè wọ́n, wúlò ju ẹ̀rọ tuntun lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láìra kẹ́míkà tí yóò máa lò, aṣọ ni wọ́n á fi bò ó ní igun láàbù.

Ó wá ku ẹni tí ẹ máa gbé e fún. Ẹ lọ bá dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà, Èkó, kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà. Ẹ béèrè fún ìwé ojú ewé kan péré: ìbéèrè wo ni ìwádìí náà fẹ́ dáhùn, aláìsàn mélòó ni wọ́n máa gbà wọlé, oṣù mélòó ni yóò gbà, èló ni ohun kọ̀ọ̀kan, kí sì ni nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ẹ́tíìkì ilé ìwòsàn, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí, fún wọn. Ẹni tí kò lè kọ ojú ewé kan yẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Bí ìwé bá ti dé, àkáǹtì ilé ìwòsàn tàbí ti fásitì ni kí ẹ san owó sí, kì í ṣe ti dókítà. Kí ẹ tó san án, ẹ bi wọ́n pé ìdá mélòó ni àwọn ń yọ lórí owó ìwádìí tó bá wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ń yọ ọ́, wọn kì í sì í fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta: ìdajì níbẹ̀rẹ̀, ìdámẹ́rin nígbà tí ìdajì àwọn aláìsàn bá ti wọlé, ìdámẹ́rin tó kù nígbà tí ìròyìn ìkẹyìn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Kó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n á gbé èsì jáde, ì báà dùn, ì báà korò. Èsì tó korò ni wọ́n sábà máa ń tì sábẹ́ ibùsùn, ẹlòmíràn á sì tún lọ náwó lé ohun kan náà lórí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ kò béèrè. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́rin lè wọ kíráísìsì, ìrora líle tí SS ń mú wá, láàárín ọdún náà, yóò sì máa ṣe yín bíi pé kí ẹ fi owó tó wà nílẹ̀ sanwó bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má ṣe é. Ìwádìí ni àwọn ènìyàn dáwó fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa dá àjọ kékeré mìíràn láàárín ara yín fún àìsàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpò méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pàdé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ní òun fẹ́ da omi yìnyín sórí kí òun ya fídíò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe káàkiri ayé lọ́dún 2014, kí àwọn ènìyàn lè dáwó fún ìwádìí SS. Ó tún ní òun á fẹsẹ̀ rìn láti Abẹ́òkúta dé Ṣágámù. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. (Ìyá ọlọ́mọ, Abẹ́òkúta)

Ìyá wa, ẹ sọ fún un pé àwa náà ní rárá sí omi yìnyín. Pete Frates àti Pat Quinn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Amẹ́ríkà méjì tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, àrùn ALS ló ń bá wọn jà, èyí tó ń pa àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ara kú díẹ̀díẹ̀. Owó tó wọlé fún ẹgbẹ́ ALS ti Amẹ́ríkà lọ́dún náà jẹ́ mílíọ̀nù 115 dọ́là. Omi tútù kì í ru àrùn tiwọn sókè. Ti SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá mú ara lójijì, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́ lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa á pẹ́ jù níbi tí ọ́síjìn ti kéré, á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, á sì dí ojú ọ̀nà mọ́ ara wọn. Ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní AA ni kó da omi sórí, kí òun di fóònù mú.

Ìrìn náà ńkọ́? Terry Fox ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Kánádà tí jẹjẹrẹ eegun gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Lọ́dún 1980, ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi sáré fún ọjọ́ 143, ó lọ kìlómítà 5,373, kó tó di pé jẹjẹrẹ tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró dá a dúró nítòsí Thunder Bay. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 1981, owó tó wọlé fún ìwádìí jẹjẹrẹ ti lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là Kánádà. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹni ọdún 22. Akọni ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àárẹ̀ àti òùngbẹ lè gbé dé ọsibítù kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹni tí a fẹ́ kó wò ni Alex Scott, ọmọ Amẹ́ríkà tó ní jẹjẹrẹ neuroblastoma. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni lọ́dún 2000 nígbà tó tẹ́ tábìlì síwájú ilé wọn tó ń ta omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 2,000 dọ́là ló rí. Nígbà tó fi kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, owó náà ti di mílíọ̀nù kan dọ́là, kì í ṣe nítorí pé ó jókòó sídìí tábìlì títí, bí kò ṣe pé àwọn ọmọ mìíràn tẹ́ tábìlì tiwọn sí ìlú tiwọn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà: ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ láìsí ọmọ yín níbẹ̀. Sóbò tútù ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tó ń tà á, ọmọ yín nínú ilé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó bá kàn án, kí adípò wà fún un, ẹni tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nítorí kíráísìsì kì í kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Ìgò omi kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmọmítà, ọsibítù ló kàn, ètò kankan kò sí mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ti fídíò, ohun tó bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé kó padà. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò rí i, àna yóò rí i. Ìyẹn kò ní kó má sọ ọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ̀yin òbí fọwọ́ sí i, kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti àdúgbò má hàn níbẹ̀. Ẹ má ya á nígbà tó bá ń joró lórí bẹ́ẹ̀dì, kódà bí ìyẹn ló máa pa owó jù. Ọmọ ẹlòmíràn tó wà ní wọ́ọ̀dù kan náà kò gbọdọ̀ sí nínú àwòrán rárá. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gba ìṣọ́ra jù.

Bí mo bá kó owó jọ fún ìwádìí oògùn kan, ṣé èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ fún lára oògùn náà? (Ọmọkùnrin ọdún 17, Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá, ọmọ wa. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú: ọjọ́ orí, iye ìgbà tí kíráísìsì mú ẹni lọ́dún, ipò kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ gègé, á pín àwọn tó yẹ sí abala oògùn àti abala tí a fi ń wé e. Bí ẹni tó mówó wá bá lè yan abala tó wù ú, ìwádìí náà ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò gba èsì rẹ̀ gbọ́. O lè béèrè bóyá o yẹ láti wọ inú rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Níwọ̀n ìgbà tí o kò tíì pé 18, àwọn òbí rẹ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, ìwọ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé o ò ṣe.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe lọ́ńṣìn. Àkáǹtì ta ni ká fi gbowó? Ẹnì kan ní ká lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ẹlòmíràn ní ká lo àkáǹtì ìyàwó pásítọ̀. (Akápò, Òṣogbo)

Ìyàwó pásítọ̀ lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, àkáǹtì rẹ̀ kò sì yẹ síbẹ̀. Bí owó tó pọ̀ bá ṣàdédé ń wọlé, báńkì lè dá àkáǹtì náà dúró kí wọ́n tó bi í léèrè. Bí ó bá ṣàìsàn, owó há nìyẹn. Bí ó bá kú, ó di ogún.

Ti CAC, ẹ mọ ohun tó wà níwájú kí ẹ tó gbéra. Ìforúkọsílẹ̀ bí ẹgbẹ́ tó ní alágbàtọ́, tí wọ́n ń pè ní incorporated trustees, gba òfin ẹgbẹ́, àwọn alágbàtọ́ tí ọjọ́ orí wọn ti pé 18, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, àti owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́, tí báńkì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kó tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù lè pọ̀ lọ nínú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín yóò bá wà fún ọdún púpọ̀, ó tọ́ kí ẹ ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìkówójọ kan ṣoṣo, ẹ sá sábẹ́ ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ya ojú ìwé yín sọ́tọ̀ nínú ìṣirò wọn, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún yín tó sọ ohun tí owó wà fún, ìdá tí wọ́n máa yọ bí wọ́n bá máa yọ, àti ẹni méjì tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí àwọn méjì náà má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá.

Lọ́ńṣìn fúnra rẹ̀ la kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Gbọ̀ngàn, kánópì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, olóòtú ètò, olórin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ìwádìí ti di owó àsè. Ìdiwọ̀n tiwa ni pé bí ìnáwó bá máa ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ẹ retí lọ, ẹ fagi lé e. Àléébù rẹ̀ kejì ni ìlérí orí máíkì. Ọ̀gá kan á dìde, á pe ìdajì mílíọ̀nù, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, ọdún á sì yí po. Ẹ má kéde kọ́bọ̀ tí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ jẹ́ kí POS méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnì kan máa gbé ìkan tọ àwọn àgbà lọ níbi tí wọ́n jókòó sí, kí ẹlòmíràn sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣèlérí sílẹ̀, kó pè wọ́n láàárín ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìtìjú ti kúrò lójú wọn.

Owó ọwọ́: ẹni méjì ni kó jọ kà á lójú ara wọn, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kó dé báńkì lọ́jọ́ kejì ó pẹ́ tán. Ẹ fi nọ́ńbà sí rìsíìtì, títí kan èyí tó bàjẹ́, kí ẹ má ya á dànù. Lóṣooṣù, ẹ gbé iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù sórí WhatsApp, kódà bí ohunkóhun kò bá wọlé lóṣù náà.

Bàbá kan níbí ní òun ní àgbo tó ń sọ SS di AA. Ó fi fọ́tò ọmọ méjìlá àti ìwé àyẹ̀wò méjì hàn wá. Ó ní kí àwọn ọmọ wa gbé owó tí wọ́n kó jọ fún òun láti fi ṣe ìwádìí rẹ̀ parí. Ṣé ká fún un? (Òbí kan, Ṣakí)

A kò ní fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìwádìí àrùn yìí nílẹ̀ wa ti inú ewé àti egbò jáde. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ gbé èsì jáde pé omi egbò orin àtà, ọ̀kan lára orin tí à ń rin, mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Niprisan, tí NIPRD, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí oògùn ní Àbújá, ṣe láti inú ohun tí oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan mú wá: ata ìyeré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ilé iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ rẹ̀, ó sì dé ọjà lọ́dún 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Lọ́dún 2008, Xechem wọ gbèsè tí kò lè san, oògùn náà sì pòórá lórí igbá. Ẹ fi sọ́kàn pé láti ọwọ́ oníṣègùn yẹn dé ọjà, ọ̀pọ̀ ọdún ni, láàbù ìjọba ló sì gbé e, kì í ṣe àpò àwọn ọmọdé.

Ní ti Bàbá Ṣakí, fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí. Kíráísìsì máa ń wá, ó máa ń lọ. Ìgbà tó bá le jù ni òbí máa ń sáré wá àgbo, ìgbà tó sì le jù ni ó máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àgbo wà ni o, àgbo kò sí ni o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àwọn tó lo oògùn wé àwọn tí kò lò ó.

Ìwé àyẹ̀wò tó ní SS ti yí padà la fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí ọmọ SS lára, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láàbù lè kọ AS sílẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ àlejò ló pọ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní láàbù mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹni tó ní àgbo mímu ló sọ SS di AA kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ìlànà tó wà nínú àbùdá ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí Bàbá ń sọ ni pé àgbo òun ń dín ìrora kù, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ó ṣeé wádìí. Kí ó lọ sí NIPRD tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ní fásitì, kí wọ́n kọ́kọ́ bá a tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹni tó ni ìmọ̀ náà kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn, àwọn oníṣègùn wa kì í rántí rẹ̀ títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Àyẹ̀wò bóyá ó ń pa ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lára ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ìwé àṣẹ ẹ́tíìkì àti ti NAFDAC kó tó kan ènìyàn. Owó àwọn ọmọ yín lè san fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn, bí fásitì ló bá gba owó náà. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ aláìsàn kó tó wọ ìwádìí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní kí ọmọ yín pa fólíìkì tàbí hydroxyurea tì kí àgbo lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà dáwó fún oògùn, owó náà sì padà wá bá wọn ní ìlọ́po? (Ọ̀dọ́ kan, Àjàṣẹ́)

Òótọ́ ni. Cystic Fibrosis Foundation, ẹgbẹ́ àwọn tó ní cystic fibrosis, àrùn àbínibí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí àwọn òbí dá sílẹ̀ lọ́dún 1955, gbé owó fún ilé iṣẹ́ tó padà wọnú Vertex, ilé iṣẹ́ oògùn kan, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé ìpín àwọn máa wà nínú ohun tí wọ́n bá tà. Oògùn náà, ivacaftor, gba àṣẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Lọ́dún 2014 ẹgbẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní bílíọ̀nù 3.3 dọ́là. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé owó oògùn náà fún ẹnì kan nígbà tó jáde sún mọ́ 300,000 dọ́là lọ́dún, ọ̀pọ̀ aláìsàn tó dáwó sì bínú sí i. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní rí irú ìpín bẹ́ẹ̀ gbà, àmọ́ ìlà kan kò gbówó: bí ẹ̀jẹ̀ tàbí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín bá wúlò fún ohun tí wọ́n máa tà, kí wọ́n sọ fún yín, kí ilé ìwòsàn tó pèsè rẹ̀ sì wà lára ibi tí ohun náà á kọ́kọ́ dé.

Peckham ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 20 ni mí, SS ni mí. Mo fẹ́ kó pọ́n-ùn jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ìwádìí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Àǹtí mi ní kí n kàn ṣí ojú ìwé GoFundMe. (Ọ̀dọ́bìnrin, London)

Ojú ìwé tí o bá ṣí lórúkọ ara rẹ kò lè gba Gift Aid. Ìyẹn ni pẹ́ńsì 25 tí ìjọba ń fi kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi tọrẹ fún ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀. Ìdámẹ́rin owó lo ń fi sílẹ̀ yẹn. GoFundMe kì í sì í san owó sí àkáǹtì báńkì Nàìjíríà, àkáǹtì tìrẹ ni yóò wọ̀, ìwọ ni wọ́n á sì bi. Wá ẹgbẹ́ aláàánú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin rẹ̀ gbà kó ná owó sókè òkun. Ṣọ́ọ̀ṣì yín gan-an lè jẹ́ ọ̀kan, béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa fi hàn HMRC, àjọ tó ń gba owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé iṣẹ́ àánú ni owó náà ṣe ní Ìbàdàn, nítorí náà wọ́n á fẹ́ rìsíìtì láti ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn. Tọ́jú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún Gift Aid, ẹni tó dáwó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti ìkéde pé òun ń san owó orí. Fi fọ́ọ̀mù sórí àga ṣáájú ìsìn, lẹ́yìn ìsìn wọ́n á ti máa sáré lọ ilé. Owó ìrẹsì, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ráfù kò sí lára rẹ̀, torí olówó ti rí nǹkan gbà. Bí o bá fẹ́ mú ike owó dúró sójú títì, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá London (Metropolitan Police).

Bí ẹnì kan bá ní òun kò lówó, ní kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ Ro, tí àwọn SS tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò púpọ̀, pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ní ti fífi owó ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló dára ju lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ, nítorí báńkì ń yọ tirẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ bi ilé ìwòsàn bóyá ó ní àkáǹtì dọmisílíárì tó ń gba pọ́n-ùn. Bí kò bá ní, kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà lọ́jọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ̀ka ìnáwó wọn sì kọ̀wé sí ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì pé iye báyìí ló wọlé. Fi méjèèjì wé ara wọn kí o tó fi èyí tó kù ránṣẹ́.